Oríkì Ìyàwó Nínú Wáìfáì

Mò ń ka tẹ̀súbáà mi nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Sẹ̀mẹ̀ nígbà tí obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń rojọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Mo fẹ́ so pírńtà mi mọ́ wáìfáì ilé, mo wá béèrè páàsíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ọkọ mi. Ó ní kí n tẹ 'Àjíkẹ́ mi ọ̀wọ́n'. Oríkì ìyàwó kékeré!"

"O sì tẹ̀ ẹ́?"

"Kí ni ǹ bá ṣe? Ọwọ́ mi yìí ni mo fi bá a kẹ́ orogún mi!"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ní kó yí i sí oríkì tìẹ."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, 'Kí tiẹ̀ ni oríkì rẹ?'"

Ẹ̀rín ọ̀rẹ́ rẹ̀ dákẹ́. Ó dì í lọ́wọ́ mú. "Àbẹ̀ní, má sunkún."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ẹnìkan ṣì mọ̀ ọ́n.