Àyìndé àti Ojú Ọmọ Tó Pọ́n

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọge n'Ínísà… ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná, ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi! Ìgbà yẹn ni ìyá mi bí Àyìndé, àbúrò mi. Ọmọ rọ̀bọ̀tọ̀! Kò pẹ́, funfun ojú ẹ̀ pọ́n bí ìbẹ́pẹ. Àwọn ìyá àdúgbò ní, “Ara ẹ̀ ló ń pupa. Ẹ gbé e sóòrùn.” Ẹ gbọ́… oòrùn! Ó kọ ọyàn, ara ẹ̀ le gan-an bí igi. Kò kú o. Àmọ́ ọrùn ò dúró, ẹsẹ̀ ò rìn, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ń lọ́.

Wọ́n ní ayé ló ṣe é, kí ìyá mi gbé e pa mọ́. Ìyá mi ní, “Ṣé mo jí i ni?” Ó ń pọ̀n ọ́n lọ sọ́jà Òkukù.

Ọpọlọ ẹ̀ sì pé ju tiwa lọ! Èmi ni mo ń bá a túmọ̀ ọ̀rọ̀. Bàbá aládùúrà kan ní wọ́n ti di í lẹ́sẹ̀. Àyìndé sọ̀rọ̀. Bàbá ní, “Kí ló wí?” Mo ní, “Ó ní ẹ ṣé, sà.” Irọ́! Ohun tó sọ ni pé, “Wọn ò di imú mi. Ẹnu bàbá yìí ń rùn.”

Nígbà tí ìyá wa kú, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ mi n'Íkìrun níbí. Ìyá yín bí Kúnlé. A gbé ọmọ lé Àyìndé lẹ́sẹ̀, ló bá figbe ta: “Ojú ẹ̀! Ojú ẹ̀!” Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Àyìndé di aṣọ ọmọ mú, kò fi sílẹ̀. Ni mo bá wo ojú ọmọ… ìbẹ́pẹ! A wọ mọ́tò, ó di Òṣogbo.

Nọ́ọ̀sì ní, “Màmá, ẹ tètè dé. Ibà pọ́njú ni. Tó bá wọ ọpọlọ ọmọ, ó lè má rìn láéláé.” Wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná búlúù. Nọ́ọ̀sì yẹn tún gbóòórùn kánfọ̀ lára aṣọ ọmọ, ó ní kánfọ̀ lè dá kún ibà náà. Ó ní ní ti àwọn ọmọ mìíràn tí wọn ò lè rìn, ìrọbí tó pẹ́ jù ló fà á, tàbí pé wọn ò tètè ké nígbà tí wọ́n bí wọn.

Mo délé, mo ro gbogbo ẹ̀ fún Àyìndé. Ó ní, “Àǹtí mi, kì í ṣe ayé?”

“Kì í ṣe ayé.”

“Gbogbo ìyá arúgbó tí mo ti ṣépè fún ńkọ́?”

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Tèmi kì í ṣe ẹ̀rín nìkan.

Àyìndé ti kú báyìí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Kúnlé rèé, tó ń fi bọ́ọ̀lù fọ́ ìkòkò mi!

Lóde òní, irú àìlera Àyìndé tí ibà pọ́njú ń fà ò pọ̀ ládùúgbò wa mọ́ bíi tàtijọ́. Àmọ́ àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé, tí wọn ì bá ti kú láyé ìgbà kan, ń yè báyìí, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń ní irú ẹ̀. Hùn… ayé ń yí. Tẹ́ ẹ bá bímọ, tójú ẹ̀ pọ́n, ọsibítù ni kẹ́ ẹ sáré lọ. Bí mo bá ní kẹ́ ẹ gbé e sóòrùn, ẹ fi èmi gan-an sóòrùn.