Ìfun Àgbò Iléyá Tí Mo Fún Olórin Ṣọ́ọ̀ṣì

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo ti wà nílé ìyá mi ní Kpoulou, ọkọ mi ò pè mí. Ó ní kí n má padà sí Àjà-Wẹ̀rẹ̀ àfi tí mo bá gba ìfun àgbò òun padà lọ́wọ́ àwọn olórin ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó kí n rò fún yín, torí n kò ní í gbà á padà!

Bàbá mi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, ló máa ń lọ́ ìfun ẹran ṣe okùn ọrun fún àwọn ọdẹ Oko-Akarè. Èmi ni mo máa ń bá wọn fá ọ̀rá rẹ̀ kúrò, tí màá rẹ ẹ́ sínú omi eérú, tí a ó jọ fà á gbọọrọ sáàárín igi méjì kó gbẹ. Nígbà tí ìbọn gbòde, kò sẹ́ni tó béèrè okùn mọ́. Bàbá mi kú, iṣẹ́ náà sì kú sí mi lọ́wọ́.

Nígbà tí Iléyá ku díẹ̀, Felisíà, ọ̀rẹ́ mi tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì, sọ fún mi pé àwọn àlejò kan ti Kútọnu wá láti bá àwọn gba orin ìyìn Ọlọ́run sílẹ̀, orin ìgbà láéláé láti ilẹ̀ òyìnbó, pẹ̀lú irú ohun èlò tí wọ́n ń lò láyé ìgbà yẹn. Ọ̀kan wà bíi gòjé ńlá tí wọ́n ń há sáàárín orúnkún. Okùn rẹ̀ kì í ṣe wáyà, ìfun àgùntàn ni. Ọ̀rinrin òjò ti mú kí méjì já, wọn ò sì rí òmíràn rà. Háà! Ara mi yá gágá.

Nílé wa, obìnrin tó bá fọ ìfun ẹran Iléyá ló ni ín, èmi ni mo sì fọ ti ọdún yìí. Dípò kí n sè é, mo lọ́ ọ, mo gbé e fún Felisíà lọ́fẹ̀ẹ́, torí ẹran Iléyá kò ṣeé tà. Nígbà tí ọkọ mi béèrè ìfun, mo ní ajá ti gbé e lọ. Irọ́ ni! Ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkọ mi jókòó lójúde pẹ̀lú ààfáà wa, ni Felisíà bá sọ̀ kalẹ̀ lórí zẹ́míjàn, alùpùpù akérò, fóònù lọ́wọ́, tó ń pariwo pé: "Ìyá Ràfíù, ẹ wá gbọ́ ohùn ìfun àgbò yín!" Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Ṣùgbọ́n orin náà bẹ̀rẹ̀, okùn yẹn rọra ń kùn lábẹ́ ohùn àwọn obìnrin, omi sì bọ́ lójú mi. Ọwọ́ bàbá mi ni mo gbọ́.

Ọkọ mi dìde. "O fi Iléyá mi ṣe okùn fún ṣọ́ọ̀ṣì, o tún wá parọ́ fún mi?" Ààfáà bi mí bóyá mo gba nǹkan kan. Mo ní rárá. Ààfáà ní ẹni tó fi tọrẹ kò dẹ́ṣẹ̀. Ta ló gbọ́? Àdúgbò ti ń fi ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló ń dùn ún.

Felisíà ní àwọn lè tú okùn náà kí ilé mi má bàa dàrú, bẹ́ẹ̀ orin méjì ṣì kù tí wọn ò tíì gbà sílẹ̀. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án! Nítorí irọ́ ajá, mo ti ránṣẹ́ bẹ ọkọ mi, màá sì kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ tó bá gbà kí n wọlé. Ti okùn ni n kò ní í bẹ̀bẹ̀ lé lórí. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi: tó bá jẹ́ ọwọ́ bàbá yín ló ń dún nínú orin yẹn, ṣé ẹ máa lọ já a?