Àwo Búlúù

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi, kí n tó gbé ọ̀bẹ yìí lé yín lọ́wọ́, ohun kan há mi lọ́fun láti ọdún mọ́kànlá, mo sì fẹ́ tú u síta lónìí. Olóòótọ́ lẹ̀ ń pè mí. Ó dáa, ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́ irọ́ tí Olóòótọ́ pa.

Ẹ mọ̀ pé ẹran hàláàlì là ń tà. Ṣùgbọ́n nínú oníbàárà mẹ́wàá tó ń wọlé nígbà yẹn, mẹ́fà kì í ṣe Mùsùlùmí. Ó máa ń yà mí lẹ́nu. Ìyá Agbẹ̀bí wà lára wọn, ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé, "Màmá, kí lẹ tilẹ̀ ń wá lọ́dọ̀ wa?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ò ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ro tán, ẹran rẹ kì í rùn. Àti pé ẹni tó bá pe Ọlọ́run kó tó gbé ọ̀bẹ, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ á ta òkú ẹran fún mi?"

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn dè mí lọ́wọ́. Kò dè mí. Lọ́dún yẹn malúù wọ́n gógó, ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó ń ṣiṣẹ́ nílé ẹran dídì bá wá bá mi. "Kí lò ń pa ara ẹ fún? Gba ẹran lọ́wọ́ mi, kó o ya àwo sọ́tọ̀. Kí Mùsùlùmí jẹ hàláàlì tiwọn. Àwọn tó kù ńkọ́? Kò kúkú sí ẹ̀ṣẹ̀ fún wọn ńbẹ̀." Orí mi gbà á, orí burúkú! Mo tilẹ̀ rò pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni mò ń ṣe. Àwo funfun fún tiwa, àwo búlúù fún tiwọn. Ẹnì kankan ò bi mí léèrè, torí wọ́n fọkàn tán mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, malúù kan ṣubú nínú ọkọ̀, ó sì kú kí ọ̀bẹ tó kàn án. A ò mọ ohun tó pa á. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní, "Àwo búlúù ni." Mo gé e, mo kó o sínú àwo búlúù. Ìyá Agbẹ̀bí ló kọ́kọ́ wọlé. Ó ní, "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún Bàbá ilé wa ni. Dókítà ní kí n máa fún wọn lómi ẹran. Mo ní ọ̀dọ̀ ọmọ mi nìkan ni màá ti rà á." Ó gbàdúrà fún mi. Mo ṣe àmín, mo di òkú ẹran lé e lọ́wọ́. Èmi yìí, mo ṣe àmín!

Kò pẹ́ tó lọ ni mo rí i pé mo fẹ́ pa aláìsàn. Mo sáré lọ sílé rẹ̀ tòun ti ẹ̀jẹ̀ láyà. Gbogbo àdúgbò ń yà fún mi lọ́nà, ta ló máa dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró? N ò kan ilẹ̀kùn. Ìkòkò ti wà lórí iná.

"Màmá, ṣé Bàbá ti mu ún?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ hó ni. Kí ló dé?"

Mo pa iná, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ṣé torí pé mi ò kì í kírun ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ọlọ́run tí ò ń pè yẹn, ṣé ó máa ń gbójú kúrò tó bá ti kan èmi ni?"

Bàbá pariwo láti yàrá pé oúnjẹ dà. Ìyá dáhùn pé, "Ẹ ní sùúrù, ó ti bàjẹ́!" Mo sunkún bí ọmọdé, ṣùgbọ́n ara tù mí. Bàbá ò tíì fẹnu kàn án!

Mo ri ẹran náà mọ́lẹ̀, mo fọ́ àwo búlúù, mo sì sọ òótọ́ fún àwọn tí mo ti tà á fún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò padà wá mọ́, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Oṣù méjì kọjá kí Ìyá Agbẹ̀bí tó yọ, ẹ̀yìnkùlé tí a ti ń pa ẹran ló sì gbà wọlé. "Pa á lójú mi." Mo pe orúkọ Ọlọ́run wúyẹ́wúyẹ́ bí ìṣe mi. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Pè é sókè, kí èmi náà gbọ́."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé bàbá yìí ń pariwo lórí malúù bí ẹni ń kéde ọmọ tó sọnù, ẹ ti gbọ́ ìdí rẹ̀. Ara mi ti fúyẹ́ báyìí. Ẹ dárí jì mí. Ọ̀bẹ náà rèé. Ẹ máa pè é sókè.