Àǹtí Bísọ́lá Kọ́ Ló Ba Kọ̀ǹpútà Náà Jẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi, ẹ kà á tán ná. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Ìpè kan tó wọlé sórí fóònù mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Mowe. Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Lotto ní kí n ṣe ètò tí yóò máa gba èsì láti inú ẹ̀rọ wọn, tí yóò sì máa gbé e sójú kọ̀ǹpútà. Àǹtí Bísọ́lá, òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ló ń jókòó tì í.

Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní dáhùn. Mo fura sí Àǹtí Bísọ́lá, torí pé wọ́n fẹ́ràn láti máa fọwọ́ kọ èsì sínú ìwé ju kí wọ́n lo kọ̀ǹpútà lọ. Mò ń ṣọ́ ọwọ́ wọn. Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, mo gbà pé èmi ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí ọ̀gá ilé àyẹ̀wò náà bi mí ohun tó fà á, mo ní, "Sà, ètò mi ò ní wàhálà. Ẹni tó ń lò ó ni kẹ́ ẹ wò."

Àǹtí Bísọ́lá kúnlẹ̀. "Ọlọ́run gbọ́, sà, mi ò fọwọ́ kan ohun tí wọn ò fi hàn mí."

Ọ̀gá lé wọn lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ kẹta, kọ̀ǹpútà tún gan, kò sì sẹ́ni tó jókòó níbẹ̀. Mo tú iṣẹ́ mi wò. Ètò tó wà lójú kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ máa yí po láìdúró, kó máa wò ó bóyá wọ́n tẹ nǹkan. Láíbúrárì, ìyẹn ètò tí ẹlòmíì ti kọ sílẹ̀, tí mo fi ń dúró de èsì náà ní yíyí tirẹ̀. Kàkà kí n so méjèèjì pọ̀ kí wọ́n jọ máa yí, mo ní kí ojú kọ̀ǹpútà dúró pa títí èsì yóò fi dé. Tí ẹ̀rọ bá ti pẹ́, ó gan nìyẹn.

Ìlà díẹ̀ nínú ètò náà ni mo yí padà, kò sì gan mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tó burú jù rèé: mo sọ fún ọ̀gá pé ibi tí Àǹtí Bísọ́lá bà jẹ́ ni mo tún ṣe.

Láti ìgbà náà, tí ọ̀gá bá ti pè mí báyìí, màá rò pé àṣírí ti tú.

Ní Mọ́ńdè, ọkùnrin kan pè mí láti ilé ìwòsàn kan ní Ajuwon. Àǹtí Bísọ́lá ń wáṣẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ni wọ́n ní ká bi. Ṣé wọ́n mọ kọ̀ǹpútà lò?"

Mo ní màá pè é padà. Mi ò tíì pè é.

Kí ló dé tó jẹ́ èmi ni wọ́n dárúkọ? Ṣé wọ́n ti mọ̀, tí wọ́n ń dán mi wò? Àbí ẹni tó ṣì lè sọ òtítọ́ nípa wọn ni wọ́n pè mí? Èyí kejì yìí ló ń pa mí jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá kàn sọ fún ọkùnrin yẹn pé wọ́n mọ̀ ọ́n lò, ṣé ó tó? Àbí kí n lọ bá Àǹtí Bísọ́lá nílé, kí n dọ̀bálẹ̀, kí n sọ gbogbo rẹ̀?