Ìdúró Ni Mo Fi Béèrè

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé wa láti Ṣómólú lọ sí Bàrígà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbẹ́ ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé, ni mo jókòó sí.

“Ṣé o kúnlẹ̀ fún ọ̀gá rẹ dáadáa?” ni ìyá náà bi í.

“Mo kúnlẹ̀ kí wọn, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ọ̀rọ̀ owó oṣù, mo dìde. Ìkúnlẹ̀ ni mo fi kí wọn, ìdúró ni mo fi béèrè.”

Mo ń tún gbólóhùn yẹn sọ nínú ọkàn mi.

“Kí ló wá wí?” ni ìyá rẹ̀ bi í.

“Wọ́n ní ọjà ò yá. Mo ní, ‘Ọ̀gá, ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti wà nídìí ẹ̀rọ yín. Tó bá kọṣẹ́, èmi lẹ ń pè. Iṣẹ́ mi ti kúrò ní ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kí owó mi náà kúrò níbẹ̀.’”

“Háà! O ò bẹ̀rù pé ó lè lé ẹ dànù?”

“Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ṣùgbọ́n mi ò tún kúnlẹ̀.”

“Ó wá fi kún un?”

“Wọ́n ti fi kún un, Mọ́mì. Ìparí oṣù yìí ló máa bẹ̀rẹ̀.”

Ìyá náà tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó sì fọwọ́ kan awakọ̀ léjìká.

“Dẹ́rẹ́bà, ṣé ò ń gbọ́? Èmi ni mo bí i o.”