Ọwọ́ Mi Ló La Táyà Náà

Alága wa lónìí, Pàtírọ́ọ̀nù Augustin, ọ̀gá ọlọ́kọ̀ akẹ́rù, ẹ kú ìjókòó. Lèmọ́mù wa, ẹ kú àdúrà. Ẹ̀yin àgbà Ìfọ̀nyìn, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ni ọkọ̀, ẹ̀yin ará Daagbé àti Lagbé tí ẹ fi oko sílẹ̀ nítorí mi, mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó jù mí lọ, mo kí ẹni tí mo jù. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun tí ẹ wá yẹ́ mi sí lọ́jọ́ tí mo ń fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi tún táyà ṣe ní oríta yìí. Ta ni kò mọ Ṣàkírù? Cyprien, ìwọ tí a jọ ń tún táyà ṣe ní oríta yìí, dìde kí wọ́n rí ọ. Ẹ wò ó, ó ti wú ju táyà akẹ́rù lọ! Ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn dá mi dùbúlẹ̀, òun ló ń ṣí ìsọ̀ mi láràárọ̀, kò sì gba oníbàárà mi kankan. Mèsí, Cyprien, o ṣé. Mo fẹ́ràn rẹ.

Bọ̀n, ó dáa, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rín tó o. Wọ́n ní ọjọ́ orí ló mú mi kúrò nídìí iṣẹ́. Irọ́ ni. Ara mi ṣì le.

Ẹ mọ bí a ṣe ń la táyà. Bí táyà bá jẹ títí tí ojú rẹ̀ dán, a ó fi irin gbígbóná la ilà tuntun sí i, a ó fi epo dúdú pa á, ọlọ́pàá ojú ọ̀nà á sì rò pé ó ṣì lágbára. Gbogbo àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí la ń ṣe é. Ẹni tó bá ní òun kò ṣe é rí, kó bọ́ síwájú kí n rí i.

Lọ́dún tó kọjá, Moubarak, awakọ̀ alága wa, gbé ọkọ̀ sìmẹ́ńtì wá bá mi. Ó ní, "Bàbá, táyà iwájú yìí ti kú o. Ẹ bá mi sọ fún pàtírọ́ọ̀nù, tèmi kò wọ̀ wọ́n létí." Mo pè yín, alága. Ẹ ní kí n là á, pé yóò ṣì lo ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Mo mú irin. Okùn inú táyà yọ sí mi lójú. Mo rí i, wàláì, mo rí i, mo sì fi epo bò ó. Moubarak ní òun kò lè wà á. Mo jágbe mọ́ ọn pé, "Ṣé ìwọ lo ni ọkọ̀ ni? Bí o kò bá wà á, ẹlòmíì á wà á." Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ tó ń jẹun. Ó wà á.

Lọ́jọ́ kẹta, táyà náà bẹ́ lọ́nà Tchaada. Ọkọ̀ fi ọ̀nà sílẹ̀, ó kọlu Mùríìdì àti ọmọ rẹ̀, Fàúzíyàtù, lórí alùpùpù. Ilé ìwé ni bàbá ń gbé ọmọ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Àwọn méjèèjì kú lójú ẹsẹ̀.

Kí la ṣe lẹ́yìn náà? Ohun tí a máa ń ṣe náà ni. A wọ agbádá, a lọ bẹ Falilatou, ìyàwó Mùríìdì. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀, nítorí ẹnu mi dùn. Mo ní, "Ìyá Fàúzíyàtù, àmúwá Ọlọ́run ni. A kì í bá Ọlọ́run ṣẹjọ́." Ó sunkún títí, ó tẹ ìka sórí ìwé pé òun kò bá ẹni tó ni ọkọ̀ ṣẹjọ́. Bí a ṣe ń bọ̀, ẹ̀ ń yìn mí! Èmi tí mo mọ ohun tí ọwọ́ mi ṣe, mo gbé ẹ̀bi ara mi ru Ọlọ́run. Ojú tì mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ojú tì mí gan-an.

Ìwé ọlọ́pàá ní eré àsápajúdé ni Moubarak ń sá. Oṣù mẹ́wàá rèé tó ti wà lẹ́wọ̀n l'Ájàṣẹ́. Ó ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mẹta pé kí n sọ ohun tí mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí iná bá ń jóni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Tèmi ni mo ń gbọ̀n. A mú awakọ̀, a fi ẹni tó ni ọkọ̀ sílẹ̀, a fi ẹni tó la táyà sílẹ̀. Ṣé kì í ṣe ẹ̀tẹ̀ la fi sílẹ̀ tí a ń pa làpálàpá yẹn?

Falilatou, mo rí ọ níbi tí o jókòó sí. Èmi ni mo ránṣẹ́ pè ọ́. N kò ní kí o dárí jì mí. Irọ́ ni mo fi gba ìka rẹ sórí ìwé náà. Lọ bá agbẹjọ́rò, kí o sọ fún un pé ẹnu Ṣàkírù lo ti gbọ́ ọ. Ẹ̀yin àgbà, bí wọ́n bá mú mi, kí ẹnikẹ́ni má wọ agbádá lọ bẹ̀ ẹ́ nítorí mi o!

Kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ Mùríìdì àti ọmọ rẹ̀. Kí ọ̀nà má pa ọmọ yín. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń la táyà, kí Ọlọ́run gba irin lọ́wọ́ yín kí ó tó pa ọmọ ọlọ́mọ. Kí Moubarak padà wálé láyọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹjọ́ rẹ̀. Láàárọ̀ kùtù, n ó wà ní kóòtù. Adájọ́ yóò bi mí pé ta ló ní kí n la táyà náà, n ó sì dárúkọ. Pàtírọ́ọ̀nù Augustin, n kò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́yìn, ni mo ṣe sọ ọ́ lójú yín.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé o tí ẹ gbọ́ mi dópin. Alága, ẹ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó kàn yín.