Orogún Mi Tí Kì Í Dá Ojú Mọ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti di ẹrù sí mi láyà. Láti ọjọ́ ọjà Ara-Èkìtì tó kọjá ló ti ń wúwo sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi.

Kò pẹ́ lẹ́yìn òmìnira ni ọkọ mi fẹ́ Dúpẹ́ láti Ara wá sí Ìlórò, ìlú tiwa. Èmi ni ìyáálé. Ọmọ dáadáa ni, àmọ́ àìsàn kan ń bẹ lára rẹ̀ tí kò hàn. Èmi nìkan ló sọ fún. Ó ní, "Ìyáálé mi, mò ń rí ojú, mò ń rí imú, ṣùgbọ́n n kì í mọ ẹni tó ni wọ́n, àfi tó bá sọ̀rọ̀." Igi ló já lù ú lórí nígbà èwe rẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n máa tètè kí ẹni tó bá ń bọ̀, kí ẹni náà dáhùn, kí òun lè fi ohùn mọ̀ ọ́n, kí òun sì kúnlẹ̀.

Mo ṣe é fún un. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyàwó tí kò bá kí àna, ó ti tán fún un nìyẹn. Ìgbà tó wá bímọ obìnrin, ọkọ wa kò kúrò ní yàrá rẹ̀ mọ́. Mo jowú, ẹ jọ̀ọ́. Mo jáwọ́ nínú kíkí ènìyàn ṣáájú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà ti já lẹ́nu ọmú, a pàdé ìyá ọkọ wa lọ́nà odò. Wọ́n dúró, wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n ń retí ẹni tí yóò kí wọn. Ẹ̀yìn Dúpẹ́ ni mo wà. Mo kúnlẹ̀, n ò la ẹnu. Dúpẹ́ ru omi rẹ̀ kọjá lára wọn.

Ẹbí pe ìpàdé. Ìta ni Dúpẹ́ jókòó sí nígbà tí wọ́n pè mí wọlé. Wọ́n bi mí bóyá ojú rẹ̀ kò ríran. Mo ní, "Ojú tó ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́? Ìgbéraga ni!" Wọ́n lé e lọ. Wọ́n gba ọmọ fún mi tọ́.

Ọdún díẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ ọjà Ara tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀, mo mú ọmọ náà dání. Mo kí aláta kan kú ọjà. Ó ti gbẹ, èmi tí mo mojú kò dá a mọ̀. Ó kúnlẹ̀ lójijì. "Ìyáálé mi! Ohùn yín nìyí! Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣàánú mi ní Ìlórò. Ọmọ mi ńkọ́?"

Mo ní ó wà dáadáa. Ó wo ọmọ tó dúró tì mí, ó ní, "Èyí ńkọ́, ọmọ ta ni?"

Ẹ gbà mí o. Mo ní, "Ọmọ aládùúgbò ni."

Ó bu ata sí ọmọ náà lọ́wọ́, ó ní kí n bá òun kí ọmọ tòun.

Láti ọjọ́ náà ni ọmọ ti ń bi mí pé ta ni ìyá tó fún òun láta. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún un?